Kí ló dé tí Luke Kuechly fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ nígbà tí agbára rẹ̀ ṣì pé?

Ìbéèrè: Ọmọ ọdún 28 péré ni Luke Kuechly nígbà tó kéde, ní oṣù kìíní ọdún 2020, pé òun ò gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà mọ́. Ẹgbẹ́ rẹ̀, Carolina Panthers, kò lé e. Ìwé àdéhùn rẹ̀ kò sì tíì parí. Kí ló dé?

Ìdáhùn: Orí rẹ̀ ló ń dáàbò bò. Iṣẹ́ tó ń ṣe lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Linebacker ni, ẹ̀yìn àwọn géńdé tó ń forí gbárí níwájú ló máa ń dúró sí. Alátakò tó bá gbé bọ́ọ̀lù já àárín wọn kọjá, òun ni yóò gbá a mú, tí yóò gbé e ṣánlẹ̀. Láàárín sáà mẹ́jọ, ìgbà tó lọ́wọ́ sí irú èyí lé ní 1,000.

Ojú rẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ràn jù. Kí bọ́ọ̀lù tó gbéra, ó ti wo ìdúró àwọn alátakò, ó ti mọ ibi tí wọ́n fẹ́ gbà. Á máa nàka, á máa pariwo fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n sún síbí, kí wọ́n sún sọ́hùn-ún. Ọdún 2012 ló dé NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó ga jù lọ, láti yunifásítì Boston College. Ní 2013, òun ni wọ́n fún lóyè ẹni tó mọ ilé ṣọ́ jù lọ nínú gbogbo líìgì.

Ìbéèrè: Ṣé akoto kò tó láti dáàbò bo orí ni?

Ìdáhùn: Kò tó. Ẹ gbé àgbọn sétí kí ẹ mì ín. Èèpo rẹ̀ kò sán, síbẹ̀ ẹ ó gbọ́ bí omi ṣe ń já lu ara rẹ̀ nínú. Akoto lè má jẹ́ kí agbárí fọ́, ṣùgbọ́n kò lè di ọpọlọ mú kó má mì. Ó ṣẹlẹ̀ sí Kuechly ní 2015, ní 2016 àti ní 2017. Ti 2016 ni kò kúrò lójú mi. Ní Charlotte ni, lálẹ́ tí wọ́n ń bá New Orleans Saints gbá a. Wọ́n gbé e jókòó sórí ọkọ̀ kékeré tó ń gbé ẹni tó fara pa kúrò lórí pápá, géńdé ọkùnrin yìí ń sunkún, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́ títí sáà náà fi parí.

Ìbéèrè: Àwọn kan ní ojo ni.

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí. Ogún sáà ni Junior Seau, linebacker bíi tirẹ̀, fi gbá bọ́ọ̀lù. Ẹni ọdún 43 ni nígbà tó kú ní 2012. Nígbà tí wọ́n yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, wọ́n bá CTE níbẹ̀, àrùn tí ìkọlù léraléra ń fà. Ẹ̀yìn ikú nìkan sì ni àyẹ̀wò ti lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Nínú fídíò ìdágbére rẹ̀, Kuechly ní ó ṣì wu òun láti gbá, ṣùgbọ́n kò tọ́ mọ́.

Lọ́dún 2020 kan náà, Panthers gbà á padà pé kó máa wo àwọn agbábọ́ọ̀lù, kó sọ ẹni tó yẹ kí wọ́n mú. Sáà kan ló fi ṣe é.