Ìsáǹsá Tó Gba Aṣálẹ̀ Lọ, Ilé La Ti Ń Wá A

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ọdún kan, nígbà tí ọyẹ́ mú gan-an, àwọn ìyá ọlọ́jà mẹ́rin wọ ọ́fíìsì mi lẹ́bàá Tákíè ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì kó káàdì àjọ wọn kalẹ̀ sórí tábìlì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gba àjọ ojoojúmọ́ lọ́wọ́ wọn ti kó owó sá lọ láti ìparí oṣù Kẹwàá. Ìròyìn tí wọ́n gbọ́ ni pé ó ti gba òkè Ọya kọjá sí orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r, àti pé inú aṣálẹ̀ ló fẹ́ gbà dé Líbíà. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bẹ̀ mí sí: kí n wọ mọ́tò, kí n lé e bá, kí n sì fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mú un wálé. Mo dá wọn lóhùn pé n kò ní kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti ṣe iṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ yìí bí wọn nínú, n kò sì dá wọn lẹ́bi, nítorí pé bí wọ́n ṣe rò ó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rò ó, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ṣàlàyé bí iṣẹ́ wa ṣe rí gan-an.

Nígbà tí ènìyàn bá gbọ́ pé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ aládàáni ń wá ìsáǹsá nínú aṣálẹ̀, ohun tó máa ń wá sí i lọ́kàn ni ọkùnrin olójú líle kan tó fi ìbọn há abẹ́ aṣọ, tó ń dá wakọ̀ nínú iyanrìn, tí kò sì ní í padà lẹ́yìn títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi tẹ ẹni tó ń lé. Mo fi ọdún 21 ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá kí n tó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ aládàáni yìí ni mo sì ń ṣe láti ìgbà náà. N kò ní ìbọn, òfin kò sì fún mi láṣẹ láti ré ààlà kọjá lọ mú ẹnikẹ́ni. Ọlọ́pàá Nàìjíríà pàápàá kò lè dédé wọ ilẹ̀ onílẹ̀ lọ mú afurasí. Wọ́n ní láti bá ọlọ́pàá ibẹ̀ sọ ọ́ nípasẹ̀ Interpol, àjọ tó so ọlọ́pàá àwọn orílẹ̀-èdè pọ̀, kí ìjọba méjèèjì sì tẹ̀ lé òfin tó de fífa ọ̀daràn lé ara ẹni lọ́wọ́. Iṣẹ́ tèmi ni láti mọ̀ bóyá ẹni náà wà láàyè, láti mọ ibi tó wà, àti láti wá ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ yóò fi dé etí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ bi àwọn ìyá náà bóyá wọ́n ti fi ẹjọ́ sun ọlọ́pàá, nítorí pé bí kò bá sí ìwé ẹ̀sùn nílẹ̀, ohun yòówù tí mo bá rí kò ní wúlò níwájú adájọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí aṣálẹ̀ náà ṣe tóbi tó, kí ó lè yé yín ìdí tí mo fi ní a kì í lọ wá ènìyàn níbẹ̀. Agbègbè Agadez nìkan, ní àríwá Nìjẹ̀r, ju ìlọ́po 20 Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ, tí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò sì pọ̀ rárá. Àwọn tó bá ti Kano tàbí Sokoto lọ máa ń forí lé ìlú Agadez, láti ibẹ̀ ni ọ̀nà sì ti pín: òmíràn gba Dirkou àti Madama lọ sí Sabha ní Líbíà, òmíràn gba Arlit àti Assamaka lọ sí Tamanrasset ní Àlgéríà. Ẹ̀yìn mọ́tò Toyota Hilux ni wọ́n máa ń jókòó sí, èèyàn bíi 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àwọn tó wà létí yóò na ẹsẹ̀ síta, tí wọn yóò sì di igi tí wọ́n ti kì bọ àárín ẹrù mú kí wọ́n má baà já bọ́. Ẹni tó bá já bọ́ ní òru, ó ṣeé ṣe kí awakọ̀ má dúró.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2013, òkú 92 ni wọ́n rí nínú iyanrìn ní apá ibi tó sún mọ́ ààlà Àlgéríà, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ obìnrin àti ọmọdé tí òùngbẹ pa lẹ́yìn tí ọkọ̀ wọn bàjẹ́. Ní ọdún 2015 ni ìjọba Nìjẹ̀r ṣe òfin tó sọ kíkó arìnrìn-àjò sọdá di ẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn awakọ̀, àwọn awakọ̀ fi ojú ọ̀nà tí kànga wà sílẹ̀, wọ́n ń gba ibi tí sójà kò lè rí wọn, èyí tó túmọ̀ sí pé bí ọkọ̀ bá bàjẹ́, kò sí ẹni tí yóò kọjá níbẹ̀. Ìjọba ológun wọ́gi lé òfin náà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, ọ̀nà náà sì tún là, ṣùgbọ́n oòrùn ibẹ̀ kò yí padà. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi ara mi kì í ṣe “Owó dà?” bí kò ṣe “Ṣé ó ṣì wà láàyè?”, ilé sì ni ìdáhùn rẹ̀ máa ń wà.

Ènìyàn lè yí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ padà, ó lè yí orúkọ padà, ó sì lè fá irun orí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè yí ìyá tó bí i padà. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, n kò tíì rí ìsáǹsá kan tó já okùn ilé pátápátá tí ẹ̀mí bá ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Yóò pe ẹnì kan. Ó lè jẹ́ àbúrò obìnrin, ó lè jẹ́ ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ lọ sílé kéú, ó sì lè jẹ́ ìyàwó tó ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ẹni yẹn la gbọ́dọ̀ rí, òun gan-an sì ni ìbínú àwọn tó ni owó máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́.

Ohun tí àwọn ìyá ọlọ́jà ti ṣe kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi nìyẹn. Wọ́n ti lọ sí ilé ìyá ọmọ náà, wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀, wọ́n sì mú kí wọ́n ti ìyá ẹni ọdún 60-ó-lé mọ́lé fún ọjọ́ méjì. Òfin lòdì sí i. Òfin Ìṣàkóso Ìgbẹ́jọ́ Ọ̀daràn ti ọdún 2015 sọ ọ́ gbangba pé a kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni dípò afurasí. Yàtọ̀ sí pé kò bófin mu, ó ba iṣẹ́ jẹ́: láti ọjọ́ tí ìyá náà ti dé láti àtìmọ́lé ni ó ti pa fóònù rẹ̀, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Mo ní kí wọ́n dá ẹrù rẹ̀ padà kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìjà díẹ̀ ṣẹlẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìlọta yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n dá a padà.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ sí ilé náà láì béèrè ohunkóhun nípa ọmọ. Mo kí ìyá, mo jókòó, mo mu omi tí wọ́n bù fún mi, mo sì lọ. Ní ọjọ́ kẹrin, ìyá fúnra rẹ̀ ló sọ pé, “Ọ̀gá, bí ẹ bá rí i, ẹ ò ní jẹ́ kí wọ́n pa á?” Mo ní, “Màámi, kí ó má baà kú ni mo ṣe ń wá a.” Ó pe ọmọ rẹ̀ obìnrin jáde láti inú yàrá, ó ní kí ó fún mi ní fóònù.

Ohùn kan tí ọmọ náà fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ló wà níbẹ̀, kò sì tó ìdajì ìṣẹ́jú. Ó ní ara òun le, kí wọ́n má sunkún, ó ní ilẹ̀ ti ń ṣú, òtútù sì ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará ilé ti gbọ́ ọ tó ìgbà ogún, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan ni wọ́n sì ń gbọ́. Èmi gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀: ẹnì kan ń pe ìrun mọ̀gàríbì láti orí gbohùngbohùn. Aago tó wà lára ohùn náà jẹ́ 5:58 ìrọ̀lẹ́. Ìrun yìí ni wọ́n máa ń pè bí oòrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀, oòrùn kì í sì í wọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà níbi gbogbo. Ní àárín oṣù Kejìlá, oòrùn máa ń wọ̀ ní Agadez ní nǹkan bí ìdajì wákàtí kí ó tó wọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tó jẹ́ pé ní Sabha, ó ti máa ń wọ̀ ní ohun tó ju wákàtí kan lọ ṣáájú tiwa. Nítorí náà, ọmọ náà kò sí ní ilẹ̀ Yorùbá mọ́, kò sì tíì dé Líbíà. Ohùn yẹn kò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ló wà láàárín oòrùn Kano àti ti Agadez. Ẹni tó bá fi ẹ̀rí kan ṣoṣo dá ìdájọ́ yóò rán ènìyàn lọ sí ibi tí kò yẹ.

Fọ́tò ló parí ọ̀rọ̀ náà. Àbúrò rẹ̀ ti gbàgbé pé ó fi fọ́tò kan ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Ọmọ náà dúró ní ìta ilé alámọ̀ kan, ó wọ súwẹ́tà tí àbúrò rẹ̀ rà fún un, èyí tó fi hàn pé kì í ṣe fọ́tò àtijọ́. Ní òkè èjìká rẹ̀ ọ̀tún, lọ́nà jíjìn, ilé ìṣọ́ gíga kan wà tí wọ́n fi amọ̀ mọ, tí àwọn orí igi yọ síta lára rẹ̀ yíká bí ẹ̀gún lára òòrẹ̀. Ilé ìpèrun mọ́sáláṣí ńlá Agadez ni. Ó ga tó mítà 27, a sì máa rí i láti ibi púpọ̀ nínú ìlú àtijọ́ náà, èyí tí UNESCO fi kún àwọn ibi ogún àgbáyé ní ọdún 2013.

Ibi tí ìlú wa ti ràn mí lọ́wọ́ nìyí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń fi ẹsẹ̀ ṣòwò kiri ilẹ̀ Áfíríkà ṣáájú kí wọ́n tó bí mi. Àwọn bàbá wa kún Gánà títí ìjọba Busia fi lé àwọn àjèjì jáde ní ọdún 1969, ọ̀pọ̀ sì wà ní Jos, ní Kano, àti ní Niamey títí di òní. Mo wá ẹni tó mọ ẹnì kan nínú àwọn oníṣòwò wa ní Niamey, òun náà sì mọ ẹni tó ń ta ohun èlò mọ́tò ní Agadez. Fọ́tò kan àti ìbéèrè kan ni mo fi ránṣẹ́. Ìbéèrè náà ni orúkọ tí ìyá rẹ̀ àgbà fi ń pè é ní kékeré, èyí tí kò sí lórí Facebook tàbí níbikíbi.

Mo fẹ́ kí ẹ di ìbéèrè yìí mú gírígírí. Bí ìròyìn bá ti jáde pé ẹnì kan sọnù ní ọ̀nà Líbíà, àwọn oníjìbìtì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pe ẹbí pé àwọn ti rí i, kí wọ́n fi owó ránṣẹ́. Nígbà mìíràn, ẹni náà wà lọ́wọ́ àwọn ajínigbé lóòótọ́, nítorí wọ́n máa ń há àwọn arìnrìn-àjò mọ́lé ní Líbíà, wọn yóò sì máa lù wọ́n kí ẹbí lè gbọ́ igbe wọn lórí fóònù. Ẹ máṣe sanwó fún ohùn tí kò lè dáhùn ìbéèrè ilé. Bí ó bá sì dáhùn, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá àti NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò, ni kí ẹ kọ́kọ́ sáré lọ. Ẹ má sì sanwó fún ẹni tó ní òun yóò bá yín jí àkọsílẹ̀ ìpè fóònù kó láti ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù. Òfin tó ń dáàbò bo dátà ènìyàn, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2023, lòdì sí i, ìwọ̀fà iṣẹ́ ibi lẹ ó sì fi ara yín ṣe.

Fún ẹbí tí kò ní owó ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ẹgbẹ́ Red Cross máa ń bá ènìyàn wá ẹbí tó sọnù lọ́fẹ̀ẹ́, IOM, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn arìnrìn-àjò, náà sì ní ibùdó ní Agadez àti Assamaka tó ń gba àwọn tí aṣálẹ̀ ti lé padà. Bí ọdún méje bá sì kọjá tí àwọn tó yẹ kó gbúròó ẹni náà kò gbúròó rẹ̀, Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 gba ilé-ẹjọ́ láyè láti kà á sí ẹni tó ti kú, kí wọ́n lè pín ogún rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí mo fi fọ́tò ránṣẹ́ ni èsì dé, orúkọ tí ìyá rẹ̀ àgbà ń pè é sì wà nínú rẹ̀. Ó wà ní àgbàlá kan pẹ̀lú àwọn tó ń dúró de ọkọ̀, ibà ti dá a dùbúlẹ̀, owó sì ti tán sọ́wọ́ ẹni tó ṣèlérí láti kó o sọdá. Mo pe àwọn ìyá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá sí ọ́fíìsì, mo ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bú u ní ìpè àkọ́kọ́ yìí, nítorí bí ó bá já fóònù, mọ́tò tó ń lọ sí Dirkou ló kù tí yóò wọ̀. Ẹ̀rù bà mí fún ọ̀kan nínú wọn, ìyá aláta, torí owó tirẹ̀ ló pọ̀ jù. Nígbà tí ọmọ náà gbé fóònù, ìyá aláta ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní, “Ṣé o ti jẹun?” Ẹkún ni wọ́n fi dáhùn lódìkejì.

Ó dé ní oṣù Kejì, ó gba Niamey wálé, ó sì mú ìwé àjọ náà dání pẹ̀lú orúkọ wọn àti iye tó jẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lọ́yà ìyá aláta kọ àdéhùn, gbogbo wọn fọwọ́ sí i, ọlọ́pàá sì mọ̀ sí i. Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù ni wọ́n ń pàdé lọ́dọ̀ mi, ibẹ̀ ló ti ń san án díẹ̀díẹ̀, ìyá rẹ̀ sì máa ń bá a wá.