Dọ́là mẹ́ta tí wọ́n fi ń wọn òṣì kì í ṣe dọ́là ilé bánkì

Ní oṣù kẹfà ọdún 2025 ni Báńkì Àgbáyé gbé ìlà òṣì, ìyẹn iye tó jẹ́ pé ẹni tí kò bá ná tó o lórí ara ẹ̀ ni wọ́n ń kà sí tálákà, kúrò ní dọ́là 2.15 lójúmọ́, ó di dọ́là 3. Ẹni tó bá gbọ́ ọ ní Ìlọrin á mú fóònù, á wo iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là, á fi mẹ́ta sọ ọ́ di púpọ̀, ó di ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà ó lé. Ló bá bú sẹ́rìn-ín: "Ta ló ń ná tó bẹ́ẹ̀ lórí ara ẹ̀ lóòjọ́? Á jẹ́ pé tálákà ni gbogbo wa." Ìṣirò yẹn ti wọ́ láti ìdí.

Kóńgò ni dọ́là ọ̀hún, kì í ṣe owó. Ẹni tó ra ẹ̀wà ní Ọ̀fà, tó tún rà á ní Ìlọrin, mọ̀ pé iye tí wọ́n pè é nìkan ò tó í gbọ́. Ó ní láti wo kóńgò tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n, bóyá wọ́n ti lu ìdí ẹ̀ wọnú, bóyá olọ́jà ń jẹ́ kó gborí tàbí ó ń fọwọ́ gbá orí ẹ̀ nù, bóyá ènì wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà lowó ìlú kan sí òmíràn. Owó tí wọ́n fi ń gẹrun ní Ìlọrin, bí wọ́n bá ṣẹ́ ẹ sí dọ́là, kò lè gé ìdajì orí ní Amẹ́ríkà.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kó iye owó ọjà jọ káàkiri ayé: oúnjẹ, aṣọ, owó ilé, owó ọkọ̀. Ti ọdún 2021 ni wọ́n fi mọ iye náírà tó lè ra ohun tí dọ́là kan ń rà ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Bí ọjà bá ṣe ń wọ́n sí i ní Nàìjíríà ni wọ́n ṣe ń sún iye náírà náà sókè. Nígbà tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, tí dọ́là fò, ìlà òṣì ò bá a fò lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí gàrí àti epo wọ́n ló tó sún.

Nàìjíríà náà ní ìlà tirẹ̀. Nínú ìwádìí ọdún 2018 sí 2019, ₦137,430 ni, lórí ẹnì kan lọ́dún. Ìdá 40.1 nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn ló wà lábẹ́ ẹ̀ lórílẹ̀-èdè yìí nígbà náà. Ti Kwara jẹ́ 20.35. Bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n ló dùn mọ́ni jù. Kì í ṣe iye tó ń wọlé lóṣù ni wọ́n wò, ohun tí ilé ń jẹ àti ohun tó ń ná ni. Kí lẹ jẹ láàárín ọjọ́ méje tó kọjá? Iṣu tí àgbẹ̀ Òmù-Àrán wà lóko ara ẹ̀, wọ́n díye lé e. Gàrí tí ìyá fi ránṣẹ́ látilé, wọ́n díye lé e. Ẹni tí kò gbowó oṣù rí láyé ẹ̀ kì í tìtorí ìyẹn di òdo nínú ìwé wọn. Ẹni tó ronú èyí gbọ́n.

Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá kó o jọ tán, iye orí tó wà nínú ilé ni wọ́n á fi pín in dọ́gba. Ẹran mẹ́rin nínú ọbẹ̀, èèyàn mẹ́jọ: ààbọ̀ ẹran kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé wo ni wọ́n ti ń pín ẹran báyẹn? Baálé á mú méjì, àlejò á mú ọ̀kan, ọmọ ọ̀dọ̀ á fi omi ọbẹ̀ jẹ ẹ̀bà tirẹ̀, ìwé á sì kọ ọ́ pé òun náà jẹ ààbọ̀.