Ikùn Ológbò Mi Wú: Ìgbà Wo Ni Kí N Gbé E Lọ Sọ́dọ̀ Dókítà Ẹranko?

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá àìsàn ni àbí ó kàn sanra?

Ìdáhùn: Ẹ fọwọ́ ra á lẹ́yìn. Ológbò tó sanra máa ń kún káàkiri ara ni. Bí ikùn bá yọ roboto, tí egungun ẹ̀yìn àti ti ìbàdí sì ṣe gan-gan lábẹ́ awọ, ẹ má pè é ní ọ̀rá mọ́: omi, aràn tàbí kókó lè wà níbẹ̀. Awọ rírọ̀ tó ń mì níwájú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bó bá ń rìn kò sọ nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ ológbò ló ní in.

Ìbéèrè: Ọmọ ológbò ńkọ́?

Ìdáhùn: Aràn la kọ́kọ́ ń fura sí. Inú wàrà ìyá ló ti ń wọ̀ wọ́n lára, nítorí náà èyí tí kò jáde nílé rí pàápàá lè ní in. Láti ọ̀sẹ̀ 3 la ti ń fún wọn lóògùn aràn, ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, títí di bí ọ̀sẹ̀ 2 lẹ́yìn tí a bá já wọn lẹ́nu ọmú. Ẹ wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó fún un. Bó ṣe tẹ̀wọ̀n tó la fi ń mọ iye oògùn. Èyí tó ń bì tí kò sì yàgbẹ́, aràn lè ti dí i ní ìfun.

Ìbéèrè: Èwo ni kò ṣeé dá dúró di ọ̀la?

Ìdáhùn: Akọ tó ń lóṣòó léraléra, tó ń ké, tó ń lá ojú ara rẹ̀, tí ìtọ̀ ò sì jáde. Àwọn èèyàn á ní ìgbẹ́ ló há a, wọ́n á máa bu epo fún un. Ihò ìtọ̀ akọ tín-ín-rín, nǹkan bí iyanrìn lè dí i. Bí ìtọ̀ ò bá jáde, potassium (èròjà kan bí iyọ̀ tí ìtọ̀ máa ń kó jáde) á pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, á sì dá ọkàn dúró, nígbà mìíràn láàárín ọjọ́ 1 sí 2. Ẹ má tẹ ikùn yẹn o, àpò ìtọ̀ lè bẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, mímí. Bó bá ń sùn, ẹ ka bí àyà ṣe ń gbéra fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, kẹ́ ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Kò yẹ kó ju 30 lọ. Bó bá ju 40, tàbí tó ń la ẹnu mí bí ajá, tàbí tí erìgì rẹ̀ funfun báláú, ẹ gbéra.

Ìbéèrè: Ṣé kì í ṣe oyún ni?

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ ẹ. Bí ọjọ́ 63 sí 65 ni oyún ológbò, orí ọmú sì máa ń pọ́n ní bí ọ̀sẹ̀ 3. Ṣùgbọ́n abo tó wá akọ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, tó wá ń mumi ṣáá tí kò jẹun, ó lè jẹ́ pé ọyún, irú èyí tó ń jáde lójú egbò, ló kún ilé ọmọ rẹ̀. Èyí tí ọyún ò ti jáde lójú ara gan-an ló burú jù.

Ìbéèrè: Oògùn wo ni mo lè fún un nílé?

Ìdáhùn: Ẹ má fún un ní nǹkan kan. Paracetamol ń pa ológbò, ìdajì hóró kan ti tó. Ẹ̀dọ̀ wọn ò lágbára rẹ̀. Ẹ gbé e sínú páálí tó ní ihò, kẹ́ ẹ rántí ìgbà tó tọ̀ kẹ́yìn. Òun ni dókítà máa kọ́kọ́ bi yín.