C of O kọ́ ni àṣẹ ìkọ́lé: bí ẹjọ́ ilé ṣe máa ń rí l'Ékòó

Tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bá wá fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ilé tẹ́nì kan ń kọ́ l'Ékòó, ohun tí onílé máa kọ́kọ́ sáré mú jáde ni C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí pé ilẹ̀ jẹ́ tẹni, á ní ilẹ̀ òun ni, owó òun lòun fi rà á, ìwé òun pé, kí ló tún kù. Òótọ́ ni, ilẹ̀ ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni wọ́n bi í. Ìwé tó ń sọ ẹni tó ni ilẹ̀ yàtọ̀, ìwé tó ń sọ ohun tí wọ́n lè kọ́ sórí ilẹ̀ náà yàtọ̀, ìwé tó ń sọ iye tí wọ́n máa san fún ẹni tó ń kọ́ ọ tún yàtọ̀, kò sí èyí tó lè ṣe iṣẹ́ èkejì nínú wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ilé ti máa ń dojú rú, èèyàn á gbé ìwé ilẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń béèrè ìwé ilé.

Ká yára kúrò lórí ilẹ̀ ná. Land Use Act ti 1978 ló kó ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́wọ́ gọ́mìnà, ìdí nìyẹn tẹ́ni tó ra ilẹ̀ tó ti ní C of O lọ́wọ́ ẹlòmíì ṣì gbọ́dọ̀ gba ìfọwọ́sí gọ́mìnà kí ọjà náà tó múlẹ̀ lójú òfin. Ti àwọn ọmọ onílẹ̀ tó ń wá dá iṣẹ́ dúró tí wọ́n ń fipá gba owó dẹ́kìn, owó páànù, òfin Èkó ti 2016 ti sọ ìyẹn di ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń kọ́lé ṣì ń san án torí wọ́n fẹ́ kíṣẹ́ lọ, ó sì máa ń dunni torí owó yẹn ò ní ran ilé lọ́wọ́ níbì kankan tó bá dọjọ́ ẹjọ́.

Ìwé ilé gan-an lọ̀rọ̀ pọ̀ lórí ẹ̀. Nígbà kan ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba Èkó fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́ pé ta ló láṣẹ lórí ètò ìlú, ọ̀rọ̀ náà dé Súpírímù Kóòtù, ní 2003 wọ́n dájọ́ pé ìpínlẹ̀ ló ni ín, kì í ṣe Àbújá. Òfin tí wọ́n ń dì mú l'Ékòó báyìí, 2010 ni wọ́n ṣe é. Ọ́fíìsì méjì lèèyàn máa bá níbẹ̀, àwọn èèyàn sì máa ń pò wọ́n pọ̀: LASPPPA ló ń fúnni níwèé àṣẹ, LASBCA ló ń wá wo ilé bó ṣe ń lọ sókè, òun ló ń lẹ̀wé mọ́ ọn, òun ló ń tì í, òun náà ló ń wó o. LASPPPA máa béèrè ìwé ilẹ̀, sáfè, ìwé owó orí, àti àwòrán tí akítẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ ARCON, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn akítẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, fi òǹtẹ̀ lù, tó bá sì jẹ́ ilé alájà, àwòrán ti ẹnjiníà tó wà lábẹ́ COREN, ìgbìmọ̀ tiwọn, náà gbọ́dọ̀ bá a rìn. Kódà nígbà tí ìwé yẹn bá jáde, kò tíì ní kí wọ́n máa po símẹ́ńtì o, torí LASBCA tún ní ìwé tiẹ̀ tó ń sọ pé iṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ìpele ìpele títí dórí ìwé tó sọ pé ilé ti parí, ó sì ṣeé gbé.

Tí nǹkan bá wọ́, wọn kì í déédéé gbé kátápílà dé, ó kéré tán bí òfin ṣe tò ó kọ́ nìyẹn. Ìwé ló máa ṣáájú, pé ohun tẹ́ ẹ ń kọ́ ò bá àwòrán mu tàbí pé ẹ ò gbàṣẹ, ẹ dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ẹ wá ṣàlàyé láàárín ọjọ́ báyìí. Ara ògiri tàbí géètì ni wọ́n sábà máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, bíríkìlà á ya á dà nù kí iṣẹ́ ọjọ́ yẹn má bàa bàjẹ́, onílé tó wà níbòmíì ò ní gbọ́, ọjọ́ tó wà lójú ìwé sì ti ń lọ. Ẹni tó bá gbọ́ lásìkò ní ọ̀nà mẹ́ta. Ó lè lọ ṣàtúnṣe kó gba ìwé lẹ́yìn, wọ́n á ní kó ya àwòrán ilé bó ṣe wà kó sì yẹ agbára kọnkéré ẹ̀ wò. Ó lè gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀hónú lórí ètò ìlú, tí wọ́n dá sílẹ̀ lábẹ́ òfin kan náà. Ó sì lè gba High Court lọ pé kí adájọ́ dá wọn dúró. Ní 1986, nínú ẹjọ́ tí Ojukwu bá gọ́mìnà ológun Èkó ṣe lórí ilé kan n'Íkòyí tí wọ́n lé e jáde nínú ẹ̀ nígbà tọ́rọ̀ ṣì wà ní kóòtù, Súpírímù Kóòtù sọ pé ìjọba ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara ẹ̀ ṣèdájọ́ nígbà tẹ́jọ́ bá wà nílẹ̀. Ẹjọ́ yẹn kì í ṣe ti àṣẹ ìkọ́lé, àmọ́ òun làwọn lọ́yà máa ń dì mú tí kátápílà bá ti ń bọ̀. Ohun kan ni pé wọn kì í fi falẹ̀, torí ẹni tó fẹ́ gba owó gbà-máà-bínú lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba lórí iṣẹ́ tó ṣe, oṣù 3 péré ni òfin sábà máa ń fún un.

Ẹni tó bá rò pé gbogbo èyí kàn jẹ́ wàhálà ọ́fíìsì, kó rántí ilé alájà 21 tó wó ní Gerrard Road, Ìkòyí, ní ọjọ́ 1 oṣù November 2021, tó pa èèyàn tó lé ní 40. Wọ́n ti tì í rí ní oṣù June ọdún yẹn, iṣẹ́ padà bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó wó tán, aláṣẹ kan ní àjà 15 ni wọ́n fọwọ́ sí, òmíràn ní 21 ni. Àwọn bíríkìlà àtàwọn tó ń ru kọnkéré wà lábẹ́ ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ ìyẹn.

Ti zoning, ìyẹn iṣẹ́ tí wọ́n yà àdúgbò sọ́tọ̀ fún, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ilé gbígbé á di ọ́fíìsì, ọ́fíìsì á di hòtẹ́ẹ̀lì, jẹnẹrétọ̀ á máa ké mọ́jú, mọ́tò á kún ojú géètì aládùúgbò. Yíyí ìlò ilé padà nílò àṣẹ tuntun, àṣẹ tí wọ́n fi kọ́ ọ tẹ́lẹ̀ ò tó. Èyí tí kì í yé àwọn èèyàn ni pé ẹsítéètì náà lè ní òfin tiẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n fi ra ilẹ̀, pé ilé gbígbé nìkan, ìjọba lè fọwọ́ sí hòtẹ́ẹ̀lì yẹn kí àwọn aládùúgbò ṣì fi ìwé ẹsítéètì dá a dúró ní kóòtù. Ẹni tó fẹ́ ra ilé n'Íkòyí tàbí ní Sùúrùlérè torí pé ó fẹ́ fi ṣe ilé oúnjẹ, ìwé méjèèjì ló yẹ kó kà kó tó sanwó.

Ó wá ku owó agbaṣẹ́ṣe, ibi tí ọ̀rẹ́ àti ọmọ ìyá ti máa ń di ọ̀tá. Èyí tó wọ́pọ̀ ni ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston tó ń fowó ránṣẹ́ sílé, tí wọ́n ń fi fọ́tò dá a lóhùn. Agbaṣẹ́ṣe á ní iṣẹ́ ọwọ́ nìkan lòun gbà, onílé á ní òun rò pé símẹ́ńtì wà nínú ẹ̀, kò sì sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Tàbí kí wọ́n gbà á ní iye kan lápapọ̀, kí ọjà gbówó lórí, bí ìbẹ̀rẹ̀ 2024 tí báàgì símẹ́ńtì kan kọjá ₦10,000 láwọn ibì kan, agbaṣẹ́ṣe á dá iṣẹ́ dúró pé owó ò tó mọ́. Lójú òfin, tí àdéhùn bá jẹ́ iye kan tí kò ní yí, tí kò sì sí gbólóhùn kankan nípa ọjà wíwọ́n, agbaṣẹ́ṣe ló ru ẹrù yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó le. Tó bá jẹ́ onílé ló lé e kúrò láàárín iṣẹ́ láìsí ẹ̀bi ẹ̀, tí wọn ò sì ti sọ iye kan, kóòtù lè ní kí wọ́n san iye tó tọ́ sí iṣẹ́ tó ti ṣe, wọ́n á wá mú quantity surveyor, ẹni tó ń ṣírò iye iṣẹ́ ilé, wá láti wọn ibi tí ilé dé, bóyá German floor ni, lẹ́ntẹ́ẹ̀lì ni, àbí dẹ́kìn. Ìdí nìyẹn tí ṣíṣan owó ní ìpele ìpele fi sàn ju kéèyàn san ìdajì lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì dá 5% tàbí 10% dúró fún oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí ilé parí, kí òjò kọ́kọ́ dán òrùlé wò.

Gbèsè tí iye ẹ̀ dájú tí kò sì ju ₦5 mílíọ̀nù lọ, Small Claims Court tó bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní 2018 wà fún un, ìwé ìbéèrè owó ló máa ṣáájú, lọ́yà kì í ṣe dandan, ọjọ́ 60 ni wọ́n fẹ́ kó fi parí. Ẹni tó ń sọ pé wọ́n ba ilé òun jẹ́ ò lè gba ibẹ̀, torí iye ìyẹn ò tíì dájú. Citizens' Mediation Centre tún wà, tí wọ́n ń bá èèyàn parí ìjà lọ́fẹ̀ẹ́. Ọdún 6 lèèyàn ní láti pẹjọ́ lórí àdéhùn, ṣùgbọ́n bíríkìlà tó mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ ti lè lọ sí Kútọnu kó tó di ọdún kẹta.

WhatsApp náà ń ṣe ẹ̀rí, abala 84 nínú Evidence Act ti 2011, ìyẹn òfin ẹ̀rí, gbà á, àmọ́ wọn kì í kàn na fóònù sí adájọ́. Èèyàn máa tẹ ọ̀rọ̀ náà síta lórí ìwé, á fi sètífíkéètì tì í tó sọ bí wọ́n ṣe rí i àti pé fóònù náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa lásìkò yẹn, ẹni tó bá sì ti ta fóònù yẹn tàbí tó ti pa ọ̀rọ̀ rẹ́ nígbà tí inú ń bí i, ìwé báńkì nìkan ló máa kù fún un láti fi hàn.