Ọmọ Ayò 18 Lórí Tábìlì: Bí A Ṣe Ń To Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Líìgì Tó Ti Tóbi Jù

Ẹ wá ọmọ ayò 18. Ẹ tò wọ́n sórí tábìlì ní ìlà méjì, mẹ́sàn-án lókè, mẹ́sàn-án nísàlẹ̀, kí kálukú dojú kọ ẹnì kejì rẹ̀. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́sàn-án nìyẹn, ọ̀sẹ̀ kìíní. Ẹ wá fi ìka tẹ èyí tó wà ní igun òkè lápá òsì mọ́lẹ̀ kó má kúrò níbẹ̀, kí ẹ sún gbogbo àwọn yòókù ní ìṣísẹ̀ kan, kí wọ́n máa yí po. Àwọn tó dojú kọra ti yàtọ̀: ọ̀sẹ̀ kejì. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹtàdínlógún, gbogbo wọn á ti bára pàdé, kò sì ní sí méjì tó pàdé lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọ ayò yìí ni mo fi ń ṣàlàyé iṣẹ́ mi, títo àtẹ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, fún ẹni tó bá bi mí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe NPFL, líìgì bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, nílé náà kò jìnnà sí i: ẹgbẹ́ 20, ọ̀sẹ̀ 38. Shooting Stars á gba Remo Stars lálejò n'Íbàdàn, wọ́n á sì tún lọ bá wọn n'Íkẹ́nnẹ́. Ẹni tó bá gba ife níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ní kò bá lágbájá pàdé ló jẹ́ kó gbà á.

Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti àwọn yunifásítì kò rí bẹ́ẹ̀, èyí tí wọ́n ń gbé mọ́yà sáré tí wọ́n sì ń fi èjìká gbá ara wọn. Ara ò gbà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 12 sì ni ẹgbẹ́ kan ní kí àṣekágbá tó dé. Big Ten, ọ̀kan nínú àwọn líìgì wọn, tí orúkọ rẹ̀ ń pe ara rẹ̀ ní mẹ́wàá, ti di ẹgbẹ́ 18 láti 2024 tí USC, UCLA, Oregon àti Washington ti wọlé. Nínú 12 yẹn, mẹ́sàn-án ni ti inú líìgì. Ó yá, ẹ padà sídìí tábìlì: ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án ni ẹ ó ti dúró. Alátakò mẹ́jọ wà tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ò ní fojú kàn lọ́dún náà.

Àwọn mẹ́jọ yẹn niṣẹ́ wa. Àwọn èèyàn rò pé a ń wá àtẹ tí kò ní rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Kò sí. Ìrẹ́jẹ díẹ̀ á wà níbẹ̀ dandan, àwa la ó pinnu ibi tó máa jókòó sí.

Ọ̀nà àtijọ́ ni pé kí wọ́n pín líìgì sí apá méjì, kí olórí apá kan bá olórí apá kejì pàdé ní àṣekágbá. SEC, líìgì ńlá mìíràn, ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ 14. Mẹ́fà nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́jọ jẹ́ ti apá tìrẹ, ọ̀kan jẹ́ ti ẹni kan pàtó lápá kejì lọ́dọọdún, ó wá ku ẹyọ kan fún àwọn mẹ́fà yòókù. Ẹ ṣírò ẹ̀: ọdún mẹ́fà kí o tó bá gbogbo wọn pàdé, ọdún méjìlá kí o tó gbà wọ́n lálejò tán kí o sì lọ bá wọn nílé tán. Texas A&M wọ SEC ní 2012. Títí 2023 fi parí, Georgia ò dé College Station, ìlú Texas A&M, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì. Ọmọ tó ń lo ọdún mẹ́rin ní yunifásítì ńkọ́?

Ẹgbẹ́ 16 ni SEC báyìí, wọn ò pín ara wọn sí apá mọ́. Ètò tí wọ́n ṣe láti 2026 ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́sàn-án: mẹ́ta tí kì í yí padà, mẹ́fà tó ń yí. Nọ́ńbà yìí dùn mọ́ mi nínú. Alátakò 15, yọ mẹ́ta, ó ku 12. Ìdajì 12 ni mẹ́fà. Lọ́dún méjì, o ti bá gbogbo líìgì pàdé. Lọ́dún mẹ́rin, o ti dé pápá gbogbo wọn. Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó ni pé dandan ni mẹ́ta fún kálukú. Auburn ní Alabama àti Georgia, ìjà tó ti wà láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ẹnì kẹta wọn ni Vanderbilt. Kí ló da Auburn àti Vanderbilt pọ̀? Àyè tó ṣófo ni.

Big Ten ò fi dandan lé e. Wọ́n fún Iowa ní mẹ́ta, Minnesota, Nebraska àti Wisconsin, wọn ò fún Penn State ní ẹyọ kan. Òótọ́ inú wà nínú ìyẹn, àmọ́ yíyípo ibẹ̀ kò já geere bíi ti SEC.

Ohun mìíràn tí kì í jẹ́ ká sùn: mẹ́sàn-án ò ṣe é pín sí méjì. Ìdajì líìgì á gbàlejò ẹ̀ẹ̀márùn-ún, ìdajì ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, owó tíkẹ́ẹ̀tì sì ni à ń sọ. Ẹgbẹ́ 17 bíi ti líìgì ACC tún burú jù: 17 lọ́nà mẹ́sàn-án jẹ́ 153, èèyàn méjì ló sì ń pàdé, 153 ò sì ṣe é pín sí méjì. Ó di dandan kí ẹnì kan gbá mẹ́jọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ti jìn sí kòtò yẹn rí. Ẹgbẹ́ méje ni wọ́n kó fún mi ní ìdíje kékeré kan, mo sì ti ṣèlérí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta fún ìkọ̀ọ̀kan. Òru ọjọ́ tó ṣáájú ni mo rí i pé ẹgbẹ́ kan kù tí kò ní alátakò.

Ibi tí gbogbo èyí ti ń dùn wọ́n ni àṣekágbá líìgì, níbi tí àwọn méjì tó wà lókè ti ń pàdé. ACC ní 2025: Virginia ló wà lókè, ó borí méje nínú mẹ́jọ. Ẹgbẹ́ márùn-ún ló tẹ̀ lé e pẹ̀lú mẹ́fà nínú mẹ́jọ, Duke, Miami, Georgia Tech, Pittsburgh àti SMU. Duke ò bá Miami pàdé lọ́dún náà. Wọ́n wá wo ẹni tí àwọn alátakò rẹ̀ ṣe dáadáa jù nínú líìgì, ó sì bọ́ sí Duke lọ́wọ́. Duke lọ, ó na Virginia 27 sí 20 lẹ́yìn àfikún àkókò, ó gbé ife. Ṣùgbọ́n ó ti fìdí rẹmi nígbà márùn-ún kó tó débẹ̀. Lọ́dún náà, ìdíje gbogboogbò ẹlẹ́gbẹ́ 12, tó ń kó ẹgbẹ́ jọ láti oríṣiríṣi líìgì, ní àyè márùn-ún fún àwọn tó gba ife líìgì tí ipò wọn sì ga jù. Tulane àti James Madison ló wọlé, Duke ò wọlé. Tulane yìí sì ti na Duke ní September. Miami tí kò dé àṣekágbá rárá ni wọ́n mú láti ACC.

Àwọn èèyàn bú òfin. Èmi ò bú u. Ẹni tó to àtẹ ló pinnu ẹni tí Duke máa bá pàdé àti ẹni tí kò ní bá pàdé, nígbà tí bọ́ọ̀lù ò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá. Tí a bá mọ̀ pé alátakò ẹni lè di òṣùwọ̀n, a jẹ́ pé inú yàrá kan náà ló yẹ ká ti ṣe àtẹ àti òfin àṣekágbá.

Ohun tí èmi ń dábàá ni kí ọ̀sẹ̀ kan ṣófo, ìkẹjọ fún àpẹẹrẹ, torí ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn jẹ́ ti àwọn ọ̀tá àtayébáyé, kò sẹ́ni tó máa gbà kí a fọwọ́ kàn án. Ẹni tó máa gbàlejò lọ́sẹ̀ náà á ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún; ẹni tó ń bọ̀ ni kò ní tíì mọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ keje, a ó wo tábìlì, àwọn tó wà lókè tí wọn ò tíì bára pàdé, a ó so wọ́n pọ̀.

Mo sọ èyí níbi àsè kan ní Maryland. Àwọn ọmọ wa pọ̀ nínú bọ́ọ̀lù yìí, Olu Fashanu gbá a ní Penn State rí, Olu Oluwatimi gbá a ní Michigan rí, ká má tíì dárúkọ àwọn kékeré. Ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ ń gbá a gbọ́ mi tán, ó gbé àwo ìrẹsì rẹ̀ sílẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, oṣù keje ni mo máa ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú kó má bàa wọ́n. Ọ̀sẹ̀ kẹjọ tí ẹ ń wí yìí, ṣé Los Angeles ni kí n rà ni, àbí Iowa?”

Mo ní kí ó jẹ́ kí n lọ bu omi mu ná.