Ojú Ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn ni Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti Ṣẹ̀ wá

Ẹ bi òṣìṣẹ́ ìjọba l'Ábújá pé ìgbà wo ni Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó dáyé, 1988 ni yóò dá yín lóhùn. Ọdún tí wọ́n kọ ọ́ sínú òfin nìyẹn. Iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa níbí, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní ọdún 11 ṣáájú, ẹni tó bá sì fẹ́ jiyàn kó fìdí kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ padà sẹ́yìn dáadáa. Kí mọ́tò tó dé ni ọ̀nà ti ń pa èèyàn. Àwọn àgbà kì í jáde nílé láì gbàdúrà pé kí àwọn má rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Lójú tèmi, ọlọ́ṣà, gbọ́mọgbọ́mọ àti ẹranko búburú ni wọ́n ń fi àdúrà yẹn sá fún. Ìdí nìyẹn tí àwọn alájàpá fi ń kó ara wọn jọ rìn, tí ìlú ńlá sì ń fi oníbodè sẹ́nu odi. Owó bodè nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ mọ́ oníbodè, ṣùgbọ́n mo fura pé iṣẹ́ rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó mọ ẹni tó jáde láàárọ̀ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ lálẹ́ pé ẹnì kan ò tíì wọlé. Bí ìyẹn ò bá jẹ́ ìṣọ́ ojú ọ̀nà, kí ni ká pè é?

Ní 1906 ni ìjọba òyìnbó la ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́. Irin ni mọ́tò, Ògún ló sì ni irin, ni Ògún bá gba iṣẹ́ tuntun. Awakọ̀ a so màrìwò mọ́ iwájú ọkọ̀, wọn a bẹ́ ajá, wọn a ta ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sára táyà. Awakọ̀ tó fi tẹ̀súbà kọ́ sára díńgí náà ò ní ṣàì dá owó ajá tiẹ̀.

Àwọn kan á ní àwọn ṣọ́jà ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, torí pé láti 1972 ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀sẹ̀ ààbò ojú pópó. Ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún! Ṣé ọ̀nà á gbààwẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 51 tó kù ni? Ìgbìmọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ní 1974 náà ò ta pútú.

Ifẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Ifẹ̀ wà nígbà náà, kò tíì sí Ọ̀ṣun. Ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn ń pa akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ Yunifásítì Ifẹ̀, Wọlé Ṣóyínká tó ń kọ́ni níbẹ̀ ò sì lè wò ó níran. Ní 1977, Gómìnà David Jemibewon fọwọ́ sí ìdásílẹ̀ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀. Ṣóyínká fúnra rẹ̀ a máa dúró lójú títì, a dá eléré àsápajúdé dúró. Ẹ rántí pé Ògún ni òrìṣà tí ọkùnrin yìí yàn láàyò. Ẹnikẹ́ni ò lè sọ fún mi pé kò sí ọwọ́ Ògún níbẹ̀.

Nígbà tí 1983 ń parí lọ ni ìjọba àpapọ̀ tú wọn ká. Kò ju ọdún mélòó kan lọ tí wọ́n fi padà wá wá ẹni tí wọ́n tú iṣẹ́ rẹ̀ ká: ní oṣù kejì 1988, ìjọba Babangida fi òfin nọ́ńbà 45 dá àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀, Ṣóyínká di alága, Olú Agúnlóyè di ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́.

Ìyókù kò ṣókùnkùn sí ẹnikẹ́ni: òfin àjọ náà ti 2007, bẹ́líìtì, ẹ̀rọ adènà eré sísá lára ọkọ̀ èrò, nọ́ńbà 122 tí a ń pè bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀tọ́ ẹni tó fara pa ńkọ́? Ìyẹn tiẹ̀ ṣáájú ẹ̀ṣọ́. Láti 1945 ni òfin ti wà pé onímọ́tò gbọ́dọ̀ ní ínṣọ́ráǹsì tí yóò gba ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ṣe léṣe, èyí tí gbogbo wa ń pè ní third party. Òfin ìlera ti 2014 náà sọ pé ilé ìwòsàn tó bá kọ aláìsàn pàjáwìrì, ìdí yòówù kó jẹ́, lè san owó ìtanràn 100,000 náírà tàbí kí ẹni tó kọ̀ ọ́ ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Láti 2023, 15,000 náírà ni third party ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Torí kí ọlọ́pàá má baà dá wọn dúró ni ọ̀pọ̀ ṣe ń rà á, ẹni tí wọ́n gbá sì ń tọrọ owó oògùn lọ́wọ́ ẹbí, láìmọ̀ pé òun lẹ́tọ̀ọ́ láti bi awakọ̀ pé ilé iṣẹ́ ínṣọ́ráǹsì wo ló ń lò.