Kí ló dé tí De Jong ò gba rẹ́ẹ̀dì ní fáínà 2010?

Fáínà World Cup ọdún 2010 ni mò ń sọ o, Sípéènì àti Họ́láǹdì, Soccer City ní Johannesburg, July 11. Ó ti pẹ́, àmọ́ níbi tí àwa tá a fẹ́ràn bọ́ọ̀lù bá ti jókòó, ẹsẹ̀ yẹn ṣì máa ń dá ariwo sílẹ̀. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù nìyí.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?

Ìṣẹ́jú 28 ni. Bọ́ọ̀lù wà lókè, Xabi Alonso ti Sípéènì fẹ́ fi orí kàn án, Nigel de Jong ti Họ́láǹdì sáré bọ̀ láti iwájú ẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ sókè, gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ búùtù ẹ̀ bá Alonso láyà gbì! Kì í ṣe ojúgun o, kì í ṣe orúnkún, àyà. Howard Webb, rẹfirí tó wá láti Ẹ́ńgíláǹdì, fún un ní yẹ́lò, káàdì ìkìlọ̀, dípò rẹ́ẹ̀dì tó ń léni jáde.

Ṣé òfin ò sọ pé rẹ́ẹ̀dì ni?

Ó sọ ọ́. Ẹni tó bá wọlé sí ẹnìkejì lọ́nà tó lè ṣe é léṣe, tàbí tó lo agbára kọjá ààlà, kó máa lọ síta ni, "mi ò mọ̀ọ́mọ̀" ò sí níbẹ̀ rárá. Ohun tó sì ń dun èmi ni pé nínú World Cup yẹn kan náà, ní June 17, Kalu Uche ti gbá góòlù kan wọlé fún àwa Nàìjíríà, a ń na Gíríìsì ní Bloemfontein, Sani Kaita tiwa wá na ẹsẹ̀ sí Torosidis ti Gíríìsì létí pápá, wọ́n lé e jáde ní ìṣẹ́jú 33, bí wọ́n ṣe nà wá 2-1 nìyẹn. Ohun tí Kaita ṣe ò dáa, rẹ́ẹ̀dì tọ́ sí i. Àmọ́ ẹni tó fi búùtù tẹ èèyàn láyà wà lórí pápá títí wọ extra time (àfikún àsìkò), àfìgbà tí kóòṣì ẹ̀ fúnra ẹ̀ yọ ọ́.

Kí ló wá dé tí Webb ò fi lé e?

Webb fúnra ẹ̀ sọ lẹ́yìn ìgbà náà pé òun ò rí i dáadáa, pé ìgbà tóun rí i padà lásìkò ìsinmi lòun mọ̀ pé rẹ́ẹ̀dì ni. Mo gbà á gbọ́. Àmọ́ ẹ wo nǹkan kan: Van Persie gba yẹ́lò ní ìṣẹ́jú 15, Puyol tẹ̀ lé e láìpẹ́, Van Bommel 22, Ramos 23, kó tó wá kan De Jong ní 28. Káàdì márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú 14! Kò sí rẹfirí tí ọwọ́ ẹ̀ ò ní wúwo láti yọ pupa nígbà yẹn, torí fáínà ni, gbogbo ayé ló ń wò, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ló ba eré jẹ́. Lójú tèmi, ibẹ̀ ló ti sọ eré nù, torí bí àwọn agbábọ́ọ̀lù ṣe rí i pé ìyẹn gan-an ò lé èèyàn jáde, kí ló tún kù tí wọ́n máa bẹ̀rù? Yẹ́lò 14 ló fi ń yọ kí eré tó parí, Họ́láǹdì gba 9, Sípéènì 5, Heitinga ti Họ́láǹdì gba méjì ó sì jáde ní ìṣẹ́jú 109.

Ṣebí àwọn Họ́láǹdì ló máa ń gbá bọ́ọ̀lù tó rẹwà?

Nígbà Cruyff, ìràwọ̀ wọn àtijọ́, nìyẹn, 1974. Van Marwijk, kóòṣì Họ́láǹdì lọ́dún 2010, wo Xavi àti Iniesta ti Sípéènì, ó rí i pé tó bá ní kí àwọn ọmọ òun máa bá wọn du bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́, wọn ò ní rí i fọwọ́ bà, ló bá jẹ́ kí wọ́n máa já eré mọ́ wọn lẹ́nu. Ó dun Cruyff gan-an, ó sì bá wọn wí ní gbangba. Àmọ́ ká sòótọ́, díẹ̀ ló kù kó ṣiṣẹ́: ní ìṣẹ́jú 62, Robben ti Họ́láǹdì nìkan ló kù pẹ̀lú Casillas, kíìpà Sípéènì, ẹsẹ̀ Casillas báyìí ló kan bọ́ọ̀lù náà tó fi gba ẹ̀gbẹ́ lọ.

Ṣé rẹfirí rẹ́ Họ́láǹdì jẹ náà?

Ó ṣe àṣìṣe sí wọn, bẹ́ẹ̀ ni. Puyol tó ti ní yẹ́lò di Robben mú nígbà tó ń sá lọ bá góòlù, Robben ò ṣubú, kò sí káàdì. Fìrì-kíìkì Sneijder kan ara àwọn Sípéènì tó tò síwájú ẹ̀ jáde, kọ́nà ni, wọ́n ní kí kíìpà gbá a, ìgbà tí Sípéènì sì gbé e lọ sókè ni Iniesta gbá a wọlé ní ìṣẹ́jú 116. Ó dùn wọ́n, mo mọ̀. Àmọ́ ẹgbẹ́ tó yẹ kó ti máa fi èèyàn 10 gbá a láti ìṣẹ́jú 28, kí ni wọ́n fẹ́ sọ?

Tí VAR, ẹ̀rọ fídíò tí rẹfirí fi ń tún nǹkan wò, bá wà nígbà yẹn ńkọ́?

Ọdún 2018 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé World Cup. Ti De Jong, wọ́n á pe Webb wá síbi ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀. Ti kọ́nà yẹn àti yẹ́lò kejì Puyol, rárá, kò sí lára ohun tí wọ́n gbà kí VAR wò nígbà tó dé.